Láti Mọ́níyà Dé Èhìngbẹ̀tì: Akẹ́kọ̀ọ́ Lẹ́nu Ìkọ́ṣẹ́ Báǹkì

Ìgbà òjò ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá máa ń lọ ṣe ìkọ́ṣẹ́ ní báǹkì, nítorí ìgbà náà ni ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ sábà máa ń bọ́ sí bí ìyanṣẹ́lódì kò bá da kàlẹ́ńdà rú. IT, ìyẹn Industrial Training, ni wọ́n ń pè é láàrin ara wọn. Ó wá láti ara ètò ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí a mọ̀ sí SIWES, tí àjọ ITF (Industrial Training Fund) dá sílẹ̀ ní 1973, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ráhùn pé ọmọ tó gboyè jáde mọ ìwé ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ dì mú. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ ro ètò yìí fún. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ìṣirò owó àti ìṣúná náà ti wá ń lọ: ilé-ẹ̀kọ́ ló ń rán àwọn kan, àwọn mìíràn sì ń kọ lẹ́tà kiri fúnra wọn títí báǹkì kan yóò fi dá wọn lóhùn.

Èkó ni púpọ̀ nínú wọn ń forí lé, torí ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ àwọn báǹkì ńlá pọ̀ sí. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn ń bọ̀ lè wọ mọ́tò ní Ìwó Road kó sì gba òpópónà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1978. Ọ̀nà kejì ni ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ìjọba ṣí ní gbangba ní oṣù Kẹfà 2021. Ìrìn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, láti ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà dé ibùdókọ̀ Mọ́bọ́lájí Johnson ní Èbúté Mẹ́ta. Ọ̀nà ojú irin ló sàn jù fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí ó ń fún un láyè láti ronú. Oko ẹ̀gẹ́ àti igbó tútù ló ń kọjá lójú fèrèsé títí dé Abẹ́òkúta, níbi tí ibùdókọ̀ ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ara wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa dé Agége, òrùlé ti gba gbogbo ilẹ̀ kan, èrò inú ọkọ̀ sì ti ń dìde gbé ẹrù wọn sílẹ̀.

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí àbúrò bàbá ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dé sí, kì í ṣe ilé ìtura. Ibi tí ilé ọ̀hún wà ló máa sọ bí oṣù mẹ́ta ìkọ́ṣẹ́ náà yóò ṣe rí. Ẹni tó dé sí Ìkòròdú tàbí Sángò gbọ́dọ̀ jí kí àkùkọ tó kọ, kó sì máa sùn nínú ọkọ̀ lọ, kó máa sùn bọ̀. Ti ẹni tó dé sí agbègbè Mile 2 rọrùn díẹ̀ láti ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án 2023, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Kìlómítà 13 ni ọ̀nà rẹ̀, iná mànàmáná ló ń fi ń rìn, ibùdókọ̀ márùn-ún ló sì ní: Mile 2, Sùúrù-Àlàbá, Òrílé-Ìgànmú, National Theatre àti Marina. Lẹ́yìn National Theatre, ọkọ̀ náà á bọ́ sórí omi. Èbúté Àpápá wà lápá kan, omi ọ̀sà wà nísàlẹ̀, àwọn ilé gogoro Marina sì dúró níwájú bí ẹni tó ń dúró de àlejò. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kò ní gbàgbé.

Èhìngbẹ̀tì ni àwọn ará Èkó àtijọ́ ń pe Marina. Etí omi níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù ni ilé owó ti kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀, ìdí sì wà fún un. Ní 1892 ni African Banking Corporation wá láti Gúúsù Áfíríkà ṣí ẹ̀ka sí Èkó, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi fi í sílẹ̀. Alfred Jones, oníṣòwò ọkọ̀ òkun láti Liverpool, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Bank of British West Africa sílẹ̀ ní 1894, èyí tó di First Bank lónìí. Iṣẹ́ pàtàkì rẹ̀ nígbà náà ni kíkó owó fàdákà wọ ìlú. Owó ẹyọ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí alágbára ènìyàn ń rù lórí. Àwọn tó mọ ìṣirò yìí kò nílò báǹkì kí wọ́n tó mọ owó kà. Ohun tí báǹkì mú wá ni pé a lè fi owó sílẹ̀ ní Èkó, kí ìwé pélébé kan sì jẹ́rìí sí i ní Liverpool.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà kò jókòó lásán. Ní 1933 ni àwọn bíi Dókítà Akínọlá Májà àti T. A. Doherty dá National Bank of Nigeria sílẹ̀, nítorí pé àwọn báǹkì òyìnbó kì í fẹ́ yá oníṣòwò dúdú lówó. Ní 1945 ni Olóyè Mathew Adékọ̀yà Òkúpè dá Agbónmágbè Bank sílẹ̀, èyí tó di Wema ní 1969. Ṣùgbọ́n kí òfin báǹkì tó jáde ní 1952, ẹnikẹ́ni tó bá ní ilé àti tábìlì lè kọ báǹkì sára ògiri. Púpọ̀ nínú wọn wó lulẹ̀ pẹ̀lú owó àwọn tó gbà wọ́n gbọ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje 1959 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ti ka gbogbo èyí nínú kíláàsì. Nígbà tó bá wá ń rìn láti ibùdókọ̀ lọ sí Broad Street pẹ̀lú kóòtù òkìrìkà lọ́rùn, tí orúkọ àwọn ilé wọ̀nyí ń kọjá lókè orí rẹ̀, ló tó ń yé e pé ènìyàn ló dá wọn sílẹ̀, ènìyàn sì lè ba wọ́n jẹ́.

Ẹnu ọ̀nà báǹkì ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn onígíláàsì náà kì í gba ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí irin bá wà nínú báàgì, á kọ̀, á sì ní kí onítọ̀hún padà sẹ́yìn. Àgbà obìnrin máa ń bínú sí i, ọmọdé máa ń sunkún nínú rẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ kìíní, akẹ́kọ̀ọ́ ló sábà máa ń dúró nídìí rẹ̀, tó ń kí àwọn oníbàárà káàárọ̀, tó sì ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Iṣẹ́ yìí kò kéré rárá. Ibẹ̀ ló ti ń mọ ojú, tó ń mọ ẹni tó wá sanwó ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí káàdì rẹ̀ há sínú ẹ̀rọ, àti ẹni tí owó rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí.

Nípa ti èyí tó kẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ ohun kan tí kì í sí nínú ìwé kíláàsì: bí nọ́ńbà àkáǹtì ṣe ń jẹ́rìí fúnra rẹ̀. Lábẹ́ ètò NUBAN tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé jáde ní 2010, nọ́ńbà mẹ́wàá ni àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni ti oníbàárà. Ìkẹwàá, ìṣirò ló bí i. A ó kọ kóòdù báǹkì sí iwájú mẹ́sàn-án yẹn, a ó fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé òpin, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ká sọ pé kóòdù ni 011, nọ́ńbà sì ni 000001457. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 81. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn 81 ni 1. Tí a bá yọ 1 kúrò nínú 10, ó ku 9. Àkáǹtì náà á wá máa jẹ́ 0000014579. Bí oníbàárà bá ṣèèṣì tẹ nọ́ńbà kan dípò òmíràn, ìṣirò náà á já a, ẹ̀rọ á sì kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí yìí kì í rí ohun gbogbo. Bí ènìyàn bá gbé nọ́ńbà méjì tó wà lábẹ́ 3 méjì tó tẹ̀lé ara wọn sípò ara wọn, àròpọ̀ kò ní yí padà. Ìdí nìyí tí orúkọ fi gbọ́dọ̀ jáde lójú fóònù kí owó tó lọ, ìdí náà sì nìyí tó fi yẹ ká máa kà á dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò tún ní fojú lásán wo nọ́ńbà àkáǹtì mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, wọ́n á mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn fún call-over. Gbogbo ìwé tẹ́là tí oníbàárà fi san owó, gbogbo sọ̀wédowó àti ìwé ìgbowó ti àná ni wọ́n á kó sórí tábìlì. Ẹnì kan á máa ka ohun tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde sókè, ẹnì kejì á máa wo ìwé: orúkọ, iye owó ní nọ́ńbà, iye owó ní ọ̀rọ̀, ọjọ́, ìbuwọ́lùwé. Iṣẹ́ náà ń súni. Ọ̀sán lè pọ́n kí wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀, ohùn òǹkàwé á sì ti há. Ṣùgbọ́n ibí yìí ni ọkàn báǹkì wà. Káṣíà tó gba owó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ẹni tó tẹ ẹ̀yáwó sínú kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i. Yàrá ìṣúra pàápàá, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni méjì, ọ̀kan kò sì lè dá ṣí i láìsí èkejì. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ìwé tẹ́là kan tí kò ní ìbuwọ́lùwé, tó sì gbé e sókè, gbogbo yàrá á dákẹ́ díẹ̀. Kò sí ẹni tó máa yìn ín. Wọ́n á kàn pe káṣíà ọ̀hún, wọ́n á wá oníbàárà rí, iṣẹ́ á sì máa lọ. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà yàrá yẹn á ti máa pè é ní orúkọ rẹ̀ dípò “ọmọ IT”.

Ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣí àkáǹtì ni ọmọ Ìbàdàn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ti ń wúlò jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù, ọjà Ìdúmọ̀tà àti Balógun kò sì jìnnà sí Marina. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń ka owó yanturu lójoojúmọ́ ń wá síbẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pariwo ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n á wo yíká, wọ́n á rí ọmọ tó kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á ní: “Ọmọ mi, wá bá mi kọ ọ́.” Akẹ́kọ̀ọ́ á fà á súnmọ́ ara, á máa bi wọ́n: “Orúkọ bàbá yín ńkọ́, mà? Ọdún wo ni wọ́n bí yín, mà?” Ọ̀rọ̀ a máa lọ geere títí tí wọ́n á fi dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè next of kin.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà láìmọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu ni “àrólé”: “Ta ni kí n kọ sí àrólé yín, mà?” Ìyá á ronú, á ní kí wọ́n kọ ọmọ òun obìnrin tó ń tọ́jú òun, á sì lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ pé òun ti pín owó òun. Kò tíì pín nǹkan kan. Ẹni tí báǹkì lè kàn sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni fọ́ọ̀mù náà ń béèrè, kì í ṣe ẹni tí yóò jogún. Bí oníbàárà bá kú, báǹkì kò ní gbé owó fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nítorí pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ ni wọn yóò béèrè. Bí olóògbé bá kọ ìwé ìhágún, ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí kò bá kọ ọ́, àwọn ẹbí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, ìyẹn sì ń gba owó àti ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ọmọ ìyá kan náà ti bá ara wọn jà lórí èyí, ọ̀rọ̀ kan péré tí wọ́n túmọ̀ sódì nídìí tábìlì báǹkì ló sì fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní òye á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gùn: “Ẹni tí a lè pè bí a bá ń wá yín ni, mà. Kì í ṣe ẹni tó máa jogún o. Ti ogún, ẹ ní láti kọ ìwé lọ́tọ̀.” Kò sí olùkọ́ kan ní yunifásítì tó kọ́ ọ ní gbólóhùn yìí, bẹ́ẹ̀ ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ tó dára jù tí yóò ṣe ní gbogbo oṣù mẹ́ta náà.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù ni ìka ọwọ́. Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì 2014 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò BVN: nọ́ńbà mọ́kànlá tó so ojú àti ìtẹ̀ka ènìyàn pọ̀ mọ́ gbogbo àkáǹtì tó ní, ní báǹkì yòówù tó lè wà. Ètò náà dára, ó sì ti dí ojú ihò púpọ̀ tí àwọn gbájúẹ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ àwọn kan ti jẹ. Ẹni tó ti fi ogún ọdún bó ẹ̀gẹ́, tàbí tó ń fọṣọ fún ẹni ẹlẹ́ni, tàbí tó ń gbé búlọ́ọ̀kù, ẹ̀rọ lè wo àtàǹpàkò rẹ̀ kó má rí ìlà kankan. Iná pupa á tàn. Wọ́n á nu ọwọ́ náà, wọ́n á tún un gbé, wọ́n á dán ìka mìíràn wò. Ìyá ọ̀hún á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní sùúrù níbí, kó sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ló kù díẹ̀ káàtó, pé ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ ni ọwọ́ wọn.

Ó tún máa ń bá òṣìṣẹ́ báǹkì jáde lọ wá oníbàárà nínú ọjà. Ibẹ̀ ló ti ń rí alájọ lẹ́nu iṣẹ́, tó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ pẹ̀lú káàdì àti báírò. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni alájọ ń mú gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, ìyókù ló ń dá padà ní ìparí oṣù. Kò ní ilẹ̀kùn onígíláàsì, kò ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ń wá sí ìdí ìsọ̀, ó sì mọ orúkọ gbogbo ọmọ. Òṣìṣẹ́ báǹkì tí ọ̀gá ti fún ní tágẹ́ẹ̀tì, ìyẹn iye owó tó gbọ́dọ̀ kó wá kí oṣù tó parí, á máa bá alájọ yìí du oníbàárà. Ìpọ́njú tágẹ́ẹ̀tì wúwo lórí àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ju bí ará ìta ṣe mọ̀ lọ, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rí i lójú àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ ọ níṣẹ́.

Nínú ọjà náà ni ìbéèrè tó le jù ti ń jáde: “Bí báǹkì yín bá wó lọ́la ńkọ́?” Àwọn àgbà kò gbàgbé. Ìdáhùn tó péye wà. Àjọ NDIC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ló ń dáàbò bo owó oníbàárà bí báǹkì bá kógbá sílé. Ní oṣù Karùn-ún 2024 ni àjọ náà gbé ààlà rẹ̀ sókè láti náírà 500,000 sí mílíọ̀nù 5 fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní báǹkì ńlá kọ̀ọ̀kan. Báǹkì Àpapọ̀ náà ti ń fi agbára mú àwọn báǹkì láti fi owó ara wọn ti ẹ̀yìn. Ní 2004 ó ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà, báǹkì 89 sì di 25 nígbà tí 2005 fi parí. Ní oṣù Kẹta 2024 ó tún gbé e sókè, sí bílíọ̀nù 500 fún àwọn tó ń ṣòwò dé òkè òkun. Ọlọ́jà tó bá gbọ́ èyí lédè tó yé e kì í sábà wí nǹkan kan. Á kàn tún béèrè pé èló ni wọ́n ní NDIC máa san, kí òun lè rántí rẹ̀.



Kì í ṣe gbogbo ìkọ́ṣẹ́ ló ń lọ báyìí. Báǹkì wà tó jẹ́ pé oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọ̀gá ni akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré rà láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, tàbí tí wọ́n fi í sídìí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì títí oṣù fi parí. Ìlòkulò nìyí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sì ní ẹ̀bi níbẹ̀ bí olùkọ́ tó yẹ kó wá bẹ̀ wọ́n wò kò bá wá, tàbí tó kàn wá fọwọ́ sí ìwé lẹ́nu géètì. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló lè gba akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ lóòótọ́, tó kọ pé “mo ra ìrẹsì, mo dúró nídìí ilẹ̀kùn”, olùkọ́ tó bá kà á kò ní lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọ̀gá ẹ̀ka á gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́, á ka ìwé àkọsílẹ̀ náà, á fọwọ́ sí i. Kò tán síbẹ̀: òntẹ̀ báǹkì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ kà á kó tó tẹ̀ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró dè é. Tó bá ti gbà á, á kọjá ilẹ̀kùn onígíláàsì, yóò dá nìkan wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì bọ́ sí Broad Street. Ó di ilé tó dé sí láti lọ kó ẹrù. Lọ́jọ́ kejì, ó di Èbúté Mẹ́ta, níbi tí ọkọ̀ Ìbàdàn wà.